Ọwọ́ Tí Kò Làágùn

Atare ti wà lábẹ́ ahọ́n Ìbídùn nígbà tí Ọ̀gá Fẹ́hìntọlá wá sọ fún un pé àlejò ti tú àwo palẹ̀.

"Kí a tó dé ló ti tú u," ni ọ̀gá náà wí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìfọwọ́. Òun ni alákòóso Ilé Ẹlẹ́rìí, àgbàlagbà tó máa ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó gbà pé ògiri létí. "Ó tò ó sórí aṣọ funfun ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó kun ìgalà. Ìbídùn, jọ̀ọ́, má tíì fi nǹkan sẹ́nu."

Ìbídùn ya ẹnu fún un. Ọ̀gá Fẹ́hìntọlá rí èérún atare lórí ahọ́n rẹ̀, ó mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́. Atare ti ń ṣiṣẹ́. Ìbídùn mọ ọ̀nà tó ń gbà bí alágbẹ̀dẹ ti mọ ẹwìrì rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ ta ahọ́n, ìgbóná yóò gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ bọ́ sí ọrùn, yóò sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, ọkàn yóò yára díẹ̀, lẹ́yìn náà ni àtẹ́lẹwọ́ yóò rin. Àtẹ́lẹwọ́ tó rin ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣí omi, ó fọ ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbé wọn sókè títí afẹ́fẹ́ fi gbẹ wọ́n. Lókè ibi tí omi ti ń yọ, wọ́n lẹ ohun tí ẹlẹ́rìí bíi tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe mọ́ ògiri: kò gbọdọ̀ wọ òrùka, kò gbọdọ̀ kun ìpara, kò gbọdọ̀ mutí, kò gbọdọ̀ lo oògùn tí ń mú ọkàn yára. Láti gbogbo orílẹ̀-èdè ni àwọn tó kọ òfin náà ti péjọ, nígbà tí ayé pinnu pé ó tó àkókò láti fi ìjánu sí ẹ̀rọ aronú lẹ́nu. Ọ̀mọ̀wé ni gbogbo wọn. Wọn kò mọ atare, nítorí náà wọn kò dárúkọ rẹ̀. Abọ́ tí àwọn ẹlẹ́rìí ń kó o sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ, ní gbangba, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n rí.

Nígbà tí ó wọ gbọ̀ngàn, ẹni tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kàn ti jókòó sí òdì kejì tábìlì. Bàbá Orímisan ló ń jẹ́, ọkùnrin gíga tó gbẹ bí igi àjà, tí ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bá-Ọ̀sà. Ojú omi ló gbà wá ní òwúrọ̀ náà, etí ṣòkòtò rẹ̀ sì tutù síbẹ̀. Kò tíì dé Ilé Ẹlẹ́rìí rí. Ó ń bi Ọ̀gá Fẹ́hìntọlá bí wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú sùúrù ẹni tó fẹ́ mọ bí irinṣẹ́ tuntun ti ń gé igi.

"Ẹ̀rọ ló máa dá ẹjọ́ wa?"

"Ẹ̀rọ ló máa rò ó," ni Ọ̀gá Fẹ́hìntọlá tún un sọ. "Ènìyàn ló máa gbà á. Ohun tó bá máa kan ẹ̀mí tàbí ilé ẹnikẹ́ni, kò lè ṣẹ àfi tí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara bá jókòó gbọ́ ọ, tó sì wọ̀ ọ́ lára."

"Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó wọ̀ ọ́ lára?"

"Ọwọ́ rẹ̀ á làágùn lórí àwo. Iná àwo á tàn."

"Tí kò bá làágùn ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ á ní àga ṣófo."

Bàbá Orímisan wo àga onígi tó wà níwájú rẹ̀, èyí tí Ìbídùn ń bọ̀ wá jókòó sí. "Tí ènìyàn bá jókòó síbẹ̀ ńkọ́?"

"Kódà tó bá jókòó síbẹ̀, Bàbá."

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí nínú gbọ̀ngàn. Abẹ́ ilẹ̀ ló wà, lókè odò, níbi tí omi ti ń tù ú lára, kìkì ohùn rẹ̀ ló ń ti inú àjà wá. Aláròjinlẹ̀ ni àwọn ará ìlú ń pè é, torí òfin kọ̀ kí wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ ènìyàn. Òun ló ń pín iná, omi mímu àti ilẹ̀ gbígbẹ fún gbogbo etíkun láti ìgbà tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀. Kì í sábà ṣìnà. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti jókòó níwájú rẹ̀: ẹni tí kì í ṣìnà kì í fún ènìyàn láyè láti kọ̀.

Lẹ́bàá fèrèsé ni àlejò tó wá yẹ àwo wò wà. Sela Vaipulu ni orúkọ rẹ̀, ará Tonga, erékùṣù kan tó jìnnà réré lójú òkun. Òfin ní kí olùbẹ̀wò ti ibi tí kò bá ìlú tó ń bẹ̀ wò pín nǹkan kan wá, wọn kò sì rí ibi tó jìnnà ju tirẹ̀ lọ. Ó sanra díẹ̀, ó dákẹ́, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Níwájú rẹ̀ ni àwo wà lórí aṣọ funfun, gbogbo ara rẹ̀ ní títú: ìdérí onígíláàsì, awẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń gbọ́ òógùn, òwú wúrà tó tín-ín-rín ju irun lọ, àti ọkàn àwo gan-an, dúdú kékeré bí kóró ìṣin. Gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Obìnrin náà gbé e sí ìtò tó dára débi pé Ìbídùn, tó ti ń gbé ọwọ́ lé e láti ọdún pípẹ́, dúró wò ó. Kò tíì rí inú rẹ̀ rí.

Ẹ̀rọ ògbufọ̀ kan há sí ọrùn aṣọ Sela, kò ju bọ́tìnnì lọ. Òfin ti dín in kù tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè ronú, kó sáà túmọ̀ ni. Inú ìkéde rédíò àtijọ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ ní Yorùbá, ohun gbogbo tó bá sọ sì ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń kéde òkú.

"Ẹ̀yin ará," ni ògbufọ̀ wí lẹ́yìn tí obìnrin náà sọ gbólóhùn kúkúrú kan, "pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni àlejò yín fi ń béèrè pé ta ló kọ́kọ́ kọ́ àwo yìí níṣẹ́."

Bàbá Orímisan wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá," ni Ọ̀gá Fẹ́hìntọlá wí. "Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn."

Ó wá dáhùn ìbéèrè náà. Ó ní nígbà tí wọ́n gbé àwo dé, wọ́n pe àwọn àgbà ìlú jọ kí àwo lè kọ́ bí ọwọ́ ènìyàn ibí ti ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo fún wọn, wọ́n sì ń ní kí wọ́n gbé ọwọ́ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Sela béèrè ohun tí àwọn àgbà náà ṣe kí wọ́n tó gbé ọwọ́ lé e. Ọ̀gá Fẹ́hìntọlá ní wọn kò ṣe nǹkan kan.  Obìnrin náà tún bi í, ohùn kan náà ni. Ọ̀gá Fẹ́hìntọlá wá rántí, ojú rẹ̀ sì yí padà bí ojú ẹni tó gbàgbé iná sábẹ́ ìkòkò.

Wọ́n jẹ atare. Ṣé àgbà kan wà tí yóò fi ẹnu lásán sọ ọ̀rọ̀ tó máa kan ẹ̀mí? Olórí wọn kó atare jáde lápò, wọ́n pín in, oníkálukú jẹ ẹ́, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé àwo. Kò sẹ́ni tó rò ó wò. Iná àwo tàn fún gbogbo wọn, àwọn òyìnbó tó gbé e wá pàtẹ́wọ́, wọ́n sì bá ọ̀nà wọn lọ.

Sela fi ọwọ́ kan nǹkan dúdú tó rí bí kóró ìṣin náà. Ó ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀, ògbufọ̀ sì ń kéde rẹ̀ tẹ̀lé e. Àwo kò mọ ẹ̀rí ọkàn, òógùn àti ìlù ọkàn ló mọ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi hàn án ló máa gbà pé òun ni ènìyàn. Wọ́n fi ìgbóná atare hàn án, ó gbà pé ìgbóná atare ni àánú. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí kò bá jẹ atare kò sí níbẹ̀ lójú àwo, ì báà máa sunkún.

Òótọ́ ni. Ìbídùn rántí ẹlẹ́rìí kan tó sunkún títí aṣọ rẹ̀ fi rin, tí iná kò tàn, tí wọ́n sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kó lọ jẹ atare kó padà wá. Wọ́n rò pé bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn.

"Ṣé wọ́n á bá wa wí?" ni Ọ̀gá Fẹ́hìntọlá béèrè.

Sela kò bínú. Ó ní ní ìlú tòun, kava ni àwọn àgbà ń mu kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo, omi egbò igi kan tó máa ń mú kí ẹnu kú tipiri, kí ara sì rọ̀. Àwo tiwọn wá gbà pé ara rírọ̀ ni ẹ̀rí ọkàn. Iná rẹ̀ kì í tàn fún ẹni tí ẹ̀rù bá bà. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n gbé àwo tuntun wá, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ àwọn ènìyàn oríṣiríṣi ilẹ̀ kọ́, wọ́n sì dán àwọn ẹlẹ́rìí wò lórí rẹ̀.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ̀yin ará, àlejò yín ní wọ́n bá àga àwọn lófìfo. Ó ní ìlú mìíràn ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn báyìí. Ó ní wọ́n ń gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀."

Obìnrin náà ti ń so àwo tuntun tó gbé wá mọ́ tábìlì nígbà tí ògbufọ̀ ń sọ èyí. Kò gbójú sókè. Ó bu omi sínú ife, ó sì nà án sí Ìbídùn kí ó fi ṣan ẹnu.

Ọ̀gá Fẹ́hìntọlá ló tẹ̀ lé e lọ síbi tí yóò tu omi sí. Ó fi nǹkan kan sí i lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ ìránṣọ lásán.

"Gún itan rẹ tó bá yá," ni ó wí. "Òógùn lòógùn ń jẹ́."

Ìbídùn yí abẹ́rẹ́ náà láàrin ìka méjì.

"Tí wọ́n bá gbé àga yìí lọ, ẹni tí kò mọ ọ̀sà yàtọ̀ sí òkun ló máa jókòó sórí ọ̀rọ̀ wa. Ó máa làágùn, mi ò jiyàn. Ó máa làágùn fún ìlú tí kò lè pe orúkọ rẹ̀. Tàbí o fẹ́ràn ìyẹn?"

"Rárá, sà."

"Irọ́ kékeré ni mo bẹ̀ ọ́. Ó ṣe tán, ọjọ́ wo la ti ń pa á?"

Ìbídùn tu omi náà, ó tún ṣan ẹnu títí atare kò fi ta á lẹ́nu mọ́, tí àyà rẹ̀ sì tutù. Ó wá yà á lẹ́nu, bí nǹkan ti lè ya ẹni tí ó ti rẹ̀ lẹ́nu, pé òun kò mọ ohun tó wà lábẹ́ atare náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́, kò fi ẹnu òfìfo gbé ọwọ́ lé àwo rí. Ẹjọ́ ilé tó wó, ẹjọ́ àwọn tí a gba bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn lọ́wọ́ wọn fún ẹlòmíràn, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́ pẹ̀lú ìgbóná láyà. Bóyá òun ló gbóná, bóyá atare ni, kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fún un.

Ó rántí ìsìnkú ìyá rẹ̀ láti dán ara rẹ̀ wò. Ó rí ilẹ̀ pupa, ó rí bí okùn ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ pósí kalẹ̀. Ó rí i dáadáa. Ó dà bí ìsìnkú ará àdúgbò.

Ó jókòó. Ó mú abẹ́rẹ́ náà dání sí ọwọ́ òsì lábẹ́ tábìlì, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àwo tuntun. Ó tutù ju ti àtijọ́ lọ.

"Ọ̀rọ̀ Ẹ̀bá-Ọ̀sà," ni Aláròjinlẹ̀ wí láti òkè. Ohùn rẹ̀ dára, kò ga, kò rẹlẹ̀. "Àwọn pọ́ǹpù tó ń fa òkun kúrò nílùú náà ń jẹ iná tí àwọn ìlú yòókù nílò. Odi òkun ibẹ̀ ti ń sán, títún un ṣe kò lè mú un pẹ́ mọ́. Èrò mi ni pé kí a pa àwọn pọ́ǹpù náà, kí a sì kó àwọn ènìyàn lọ sí Òkè-Tútù, níbi tí ilé wà fún wọn. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sọ tirẹ̀."

Bàbá Orímisan kò wo òkè. Ìbídùn ló kọjú sí.

"Ẹ̀rọ ò purọ́," ni ó wí. "Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Èmi gan-an ni mo ń fi pákó di odi náà, mo mọ ibi tó ti jẹrà. Mi ò wá bẹ̀bẹ̀. Nǹkan kan ni mo wá tọrọ. Lọ́jọ́ tí pọ́ǹpù bá dákẹ́, kí ẹnìkan tí kì í ṣe ará wa wà níbẹ̀. Kó dúró, kó wò ó. Tó bá jẹ́ àwa nìkan la rí i, ó máa dà bíi pé a lá a lálàá ni."

Iná àwo kò tàn.

Ìbídùn gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ó yé e, ó tilẹ̀ lè fojú inú wo odi náà, àti pákó tuntun lórí pákó tó jẹrà. Ó dúró de ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e, bí ènìyàn ti í dúró de sísín tó ti dé imú. Kò wá. Lábẹ́ tábìlì, ẹnu abẹ́rẹ́ ti kan aṣọ rẹ̀. Ọ̀gá Fẹ́hìntọlá ń wò ó láti ẹ̀bá ògiri.

"Ọmọ mi," ni Bàbá Orímisan wí, "ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, Bàbá." Ó wo àwo, ó tún wo ojú àgbà náà. "Àmọ́ kò wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ kó wọ̀ mí lára. Kò kàn wọlé ni."

Ọ̀gá Fẹ́hìntọlá húkọ́. Bàbá Orímisan fara balẹ̀ ro ohun tí ó gbọ́, bí ẹni tí wọ́n pe iye owó igi fún.

"Tèmi náà ò wọlé mọ́," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Lọ́jọ́ tí òkun gbé ibojì bàbá mi lọ, ẹja ni mò ń yan. Ìyàwó mi sáré wá sọ fún mi. Mo ní kó bá mi yí èyí tó wà lẹ́yìn padà, kó má jóná."

"Ṣé ó yí i padà?"

"Ó yí i padà. A sì jẹ ẹ́."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó sunkún. Wọ́n ń wo ara wọn lójú, àwọn méjèèjì, bí àwọn tó bá ara wọn pàdé lọ́nà oko tí wọ́n rí i pé ẹrù kan náà làwọn rù. Ìbídùn gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ wá sókè. Ó gbé abẹ́rẹ́ náà sórí tábìlì, láàrin òun àti àgbà náà, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i.

Ọ̀gá Fẹ́hìntọlá di ojú rẹ̀.

"Àga ṣófo," ni Aláròjinlẹ̀ wí.

Ìbídùn kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ń wo àwọn ìka rẹ̀ lórí gíláàsì náà, gbígbẹ bí ewé tí wọ́n sá sóòrùn.

Bàbá Orímisan yíjú sí Sela. Ó ní kí wọ́n bá òun bi í léèrè nǹkan kan. "Tí àga bá ṣófo, ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀?"

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀.  Obìnrin náà ń fi àtàǹpàkò ra ìdérí àwo àtijọ́, ó ń rà á, bí ẹni pé ìdọ̀tí kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ kúrò. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, gbólóhùn díẹ̀ ló sọ.

"Ẹ̀yin ará, àlejò yín ní òfin kò ní àyè fún ìbéèrè yẹn. Ó ní òun náà bi wọ́n ní ìlú òun. Ó ní òun yóò mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣòfin, kí ẹ má retí nǹkan púpọ̀."

Lẹ́yìn èyí, ó ṣe ohun tí wọ́n rán an. Ó fi wáyà pupa so apá àga méjèèjì pọ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè jókòó síbẹ̀ mọ́. Ó ṣàlàyé fún Bàbá Orímisan pé pọ́ǹpù yóò máa ṣiṣẹ́ títí ẹlẹ́rìí ilẹ̀ mìíràn yóò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ Ẹ̀bá-Ọ̀sà, àti pé kò pọn dandan kí ó wà níbẹ̀, wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àgbà náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá Fẹ́hìntọlá kò bá Ìbídùn jà. Ó ní kí ó máa lọ sílé, ó sì lọ dúró sí fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí gbọ̀ngàn náà. Èjìká rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀.

Ìbídùn jáde. Oòrùn mú, òórùn ẹrẹ̀ sì ń ti ọ̀sà wá. Ọ̀nà ilé rẹ̀ wà lápá òsì. Ó rí Bàbá Orímisan nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, tí ó ń tú okùn ọkọ̀ rẹ̀. Bó ti ń wò ó, ó rántí pé òfin fún ẹlẹ́rìí ní ẹ̀tọ́ láti lọ fi ojú ara rẹ̀ wo ibi tí ọ̀rọ̀ kàn kí ó tó gbé ọwọ́ lé àwo. Kò sí ẹni tó lo ẹ̀tọ́ náà rí nínú gbogbo àwọn tó mọ̀. Ọ̀nà jìn, atare sì wà nítòsí. Kì í ṣe ẹlẹ́rìí mọ́ báyìí. Òfin kò fún un ní nǹkan kan.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a.

"Ṣé wọ́n ní kó o máa tẹ̀ lé mi ni?" ni àgbà náà bi í.

"Rárá, sà. Wọn ò ní kí n ṣe nǹkan kan."

"Pọ́ǹpù ò tíì dákẹ́ o. Ó lè tó ìgbà díẹ̀."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀."

Àgbà náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, aṣọ iṣẹ́ funfun, bàtà tí kò yẹ fún ẹrẹ̀. Ó béèrè bóyá ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ìbídùn ní òun mọ̀ ọ́n díẹ̀. Àgbà náà béèrè ẹni tó máa wá a nílé. Ìbídùn ro ìyẹn wò, ó sì dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, ó ní yóò ránṣẹ́ sí i. Àgbà náà na ọwọ́ sí i, ó fà á wọ inú ọkọ̀, ó sì ti ọkọ̀ kúrò létí omi.

Ọkọ̀ náà ń jò. Lẹ́yìn àga tí Ìbídùn jókòó lé, omi ń rú wọlé láàrin pákó méjì, díẹ̀díẹ̀, láìdákẹ́. Bàbá Orímisan ju kẹ́ẹ̀gì kan tí wọ́n ti gé ìdí rẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀.

"Má jẹ́ kó dé kókósẹ̀," ni ó wí, ó sì mú àjẹ̀.

Ìbídùn dúró díẹ̀ bóyá nǹkan kan yóò ṣe é. Nǹkan kan kò ṣe é. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbọ́n omi náà, ó dà á sí ọ̀sà, ó sì tún gbọ́n òmíràn.